Ẹ kó oògùn yín wá sípàdé Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilé Màmá Alága lẹ́yìn ọjà Atakúnmọ́sà, Iléṣà níbí. Kí oníkálukú kó gbogbo oògùn tó ń lò sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wá tòun ti páálí rẹ̀. Ẹ kó àgbo àti oògùn ara ríro náà mọ́ ọn, torí tramadol tó jẹ́ oògùn ara ríro, pẹ̀lú fluoxetine tó jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, lè dá wàhálà sílẹ̀. Apòògùn wa yóò wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì bi yín ní ìbéèrè 9 inú PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wo bí ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe pọ̀ tó, ká lè mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má tijú bí hóró bá ṣẹ́kù jù. Èmi akọ̀wé gan-an, ọjọ́ 10 péré ni mo lò ó lákọ̀ọ́kọ́ tí mo fi dà á sínú agolo Milo, mo ní kò jẹ́. Àṣé ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kéèyàn tó rí ìyàtọ̀, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tára bá sì yá tán, ó kéré tán oṣù 6 la ó ṣì fi lò ó. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Amitriptyline, ọ̀kan lára oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, máa ń mú ẹnu gbẹ. Tó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ ọ́.

Ẹni tó bá ń ro àtipa ara rẹ̀, kó má dúró de Sátidé o. Kó pè mí, ìbáà jẹ́ òru, tàbí kó gba ilé ìwòsàn Wesley Guild lọ.

Akọ̀wé