Ẹ wọ̀n ọmọ kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ fún un

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ̀wé yìí. Wọ́n tún ti pín kẹ̀kẹ́ arọ fún àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara l'Ákùúrẹ́ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kánópì, DJ, fọ́tò lọ́tùn-ún lósì, gbogbo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kó wá, sáìsì kan náà ni, sáìsì àgbàlagbà! Ọmọ àbúrò mi wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méje, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kan ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ọwọ́ ẹ̀ ò tó táyà, ọrùn ẹ̀ sì ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ya fọ́tò tán, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ta ló wọ̀n àwọn ọmọ yẹn? Télọ̀ tó fẹ́ rán yúnífọ́ọ̀mù lásán á kọ́kọ́ fa téèpù. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2008 pé kí wọ́n yẹ ọmọ wò, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí kẹ̀kẹ́ bá ara ẹ̀ mu, kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí wọ́n sì máa padà wá tún un ṣe. Àwọn ọ̀gá wa ò ka nǹkan kan. Ọmọ tó bá ń jókòó wọ́gọwọ̀gọ sínú kẹ̀kẹ́ tó jù ú lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ lè wọ́, ìdí ẹ̀ lè dégbò, egbò yẹn sì lè pààyàn o. Táyà kéékèèké iwájú yẹn ńkọ́? Orí táìlì ilẹ̀ ọsibítù ló dáa fún, tó bá ti kan yanrìn l'Arákálẹ̀ ó ti há nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n fi iṣẹ́ yìí lé àwọn wẹ́dà wa lọ́wọ́. Ní Jos, Ayuba Gufwan tí pólíò mú lẹ́sẹ̀ ló dá ibi tí wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fọwọ́ wà sílẹ̀, àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn wà lára àwọn tó ń ṣe é. Kí ló wá ń ṣe wá níbí? Lóòótọ́ ọmọ tọ́wọ́ ẹ̀ ò lágbára ò lè wa irú ìyẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí fisíò, oníṣègùn tó ń tọ́jú eegun àti iṣan, kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, fífẹ̀ ìdí ẹ̀, láti ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún, láti orúnkún dé gìgísẹ̀, kó kọ ọ́ fún wẹ́dà. Wẹ́dà á lo páìpù àti táyà básíkù, tó bá jò fọkanáísà àdúgbò á lẹ̀ ẹ́, kò dúró dìgbà tí páàtì á ti òkè òkun dé. Kí wọ́n fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì de ìjókòó ẹ̀ kó ṣeé fà síwájú bọ́mọ ṣe ń dàgbà, kí wọ́n sì máa tún un wọ̀n.

Òfin aláàbọ̀ ara tí Buhari fọwọ́ sí ní 2019 fún wọn lọ́dún márùn-ún láti tún àwọn ilé ìjọba ṣe kí kẹ̀kẹ́ lè wọlé, ó ti pé tipẹ́, àtẹ̀gùn ṣì kún iwájú ọ́fíìsì. Kí àwọn oní-Marúwá náà yéé kọ̀ wọ́n sílẹ̀ lójú títì.

Ẹni tó bá tún fẹ́ pín kẹ̀kẹ́, kó kọ́kọ́ fi ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan hàn wá kó tó pa kánópì.

Òǹkàwé yín,
Àkúrẹ́.