Ọjọ́ Mẹ́wàá Ni Kí O Lò ní Gánà

Mọ́lété,
Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Èkó ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí, bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nípa Gánà tí o fẹ́ lọ, inú mi sì dùn sí i gidigidi. Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni iye ọjọ́. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan sọ pé ọjọ́ mẹ́rin ti tó, èkejì ní kí o kúkú lo gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fún ọ níbi iṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè físà. Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́wàá ni kí o lò, àlọ àtàbọ̀ nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni ti físà yẹn. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 ló fún wa láyè láti wọ ìlú ara wa kí a sì lo 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba tó gbà ọ́ láyè kò ní bá ọ san owó yàrá. Owó rẹ ni kí o kọ́kọ́ kà. Yọ owó ọkọ̀ àbọ̀ sọ́tọ̀ kí o tó kúrò nílé, má sì fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú owó oúnjẹ.

Ní ti ọjọ́ mẹ́rin, jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí fún ọ, torí èmi tí mo ń gbà á lọ kó áńkárá ní Lomé mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí o bá wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó, ẹnubodè mẹ́ta ló wà níwájú rẹ: Seme tí ẹ ó fi wọ orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́yìn náà Hillacondji tí ẹ ó fi bọ́ sí Tógò, lẹ́yìn náà Aflao tí ẹ ó fi wọ Gánà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo èrò á sọ̀kalẹ̀, ẹ ó tò, wọ́n á lu òǹtẹ̀ ìjáde sínú ìwé ìrìnnà yín, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn kọjá, wọ́n á tún lu ti ìwọlé lápá kejì, ẹ ó wá dúró de bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọkùnrin kan á sáré bá ọ pé kí o kó ìwé wá kí àwọn bá ọ yára lù ú. Má fún wọn. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o dúró níwájú tábìlì, kí o sì ṣí ìwé náà wò kí o tó kúrò níbẹ̀, torí ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé máa rí wàhálà nígbà tó bá ń jáde. Bí ẹ bá gbéra láàárọ̀ kùtù, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti ṣú kí ẹ tó dé Accra. Ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn, òmíràn á tún lọ nígbà àbọ̀. Nínú mẹ́rin, méjì ló kù. Ọkọ̀ òfuurufú kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ sún-kẹẹrẹ Èkó àti ìdúró pápákọ̀ òfuurufú. Bí o bá gba òkè lọ náà, ọjọ́ ìrìn ni kí o ka ọjọ́ yẹn sí.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kò sí ohun tí o máa ṣe ju pé kí o mọ ibi tí èèyàn ti ń wọ trotro, ìyẹn dánfó tiwọn, iye tó ń san, bí sídì ṣe jẹ́ sí náírà, ibi tí oúnjẹ ti dára. Ọjọ́ kẹta lojú máa ń là. Ẹni ọjọ́ mẹ́rin, ìgbà tí ojú rẹ̀ ń là ló ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí o lo ọjọ́ kan gbáko ní Accra láti lọ sí ọjà Makola àti ibi ìrántí Nkrumah, níbi tó ti kéde òmìnira ní 1957, kí o sì fi ọjọ́ kejì sílẹ̀ láìṣètò ohunkóhun sí i. Rìn kiri, jókòó, bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Láti ibẹ̀ kí o kọrí sí Cape Coast, kí o sì sùn síbẹ̀. Àwọn kan máa ń lọ kí wọ́n sì padà sí Accra lọ́jọ́ kan náà, mi ò fẹ́ kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú odi tó wà níbẹ̀, wàá wọ inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa pamọ́ sí kí wọ́n tó kó wọn sọdá òkun. Nígbà tí o bá jáde, jókòó síwájú òkun níbẹ̀, má ṣe ohunkóhun mọ́ lọ́jọ́ náà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, o lè wá lọ rìn lórí afárá okùn tó wà lókè àwọn igi inú igbó Kakum, tàbí kí o lọ wo odi Elmina tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1482.

Kúmásí ni mo fẹ́ kí o ti pẹ́ jù. Òru mẹ́ta. Àwọn ará ilé wa gbé níbẹ̀, wọ́n ṣòwò níbẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Gánà kí òfin 1969 tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde tó dé. Mo fẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ rẹ tẹ ilẹ̀ yẹn. Ohun kejì ni Akwasidae. Ọjọ́ Àìkú kan ni, ní ọjọ́ 42 síra wọn, tí Asantehene, ọba àwọn Àṣáńtì, máa ń jókòó ní ààfin Manhyia tí àwọn ìjòyè àti ará ìlú á wá kí i, pẹ̀lú ìlù, agboòrùn ńlá àti wúrà. Kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ tó bọ́ sí kí o tó kọ̀wé béèrè ìsinmi. Bí kò bá bọ́ sínú Oṣù Kẹjọ tí o ní lọ́kàn, sún ìsinmi náà síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí o bá gbéra ní Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Ọjọ́ Àìkú yẹn, ohun gbogbo á bára mu: wàá dé Kúmásí ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì wàá wà ní ààfin.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, lọ sí Bonwire, kò jìnnà sí Kúmásí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun kẹ́ńtè. Ìwọ tí o ti bá mi dé Ìsẹ́yìn lọ ra aṣọ òkè, o máa dá iṣẹ́ náà mọ̀ ní kíá: aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni àwọn náà ń hun kí wọ́n tó rán an pọ̀. Wo ẹsẹ̀ ahunṣọ. Ìka ẹsẹ̀ ló fi ń di okùn mú tó fi ń gbé òwú sókè sódò, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń ju òwú láti ọ̀tún sí òsì. Fi gbogbo òwúrọ̀ jókòó tì wọ́n. Èmi tí mò ń ta aṣọ ní Gbági ń sọ fún ọ pé ẹni tó rí i bí wọ́n ṣe hun aṣọ kò ní dúnàá dúrà rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Tamale àti erin inú igbó Mole tí o dárúkọ, fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Láti Accra dé Tamale lé ní 600 kìlómítà, Mole sì tún wà níwájú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn erin máa ń rọ́ wá sí etí omi tí èèyàn fi ń rí wọn dáadáa, o sì ń sọ̀rọ̀ Oṣù Kẹjọ. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

O lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi ní kí o lo ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlú tí o kò dé rí ni, o kò tíì mọ èyí tí o máa fẹ́ràn nínú rẹ̀. Lọ mọ̀ ọ́n ná. Bí Kúmásí bá wù ọ́, oṣù kan ni kí o lọ lò níbẹ̀ nígbà mìíràn, wàá ti mọ ẹni tí o máa wọ̀ sí lọ́dọ̀. Àjò kò sì dùn kí onílé má re ilé: ọjọ́ tó bá ṣẹ́ kù, wá lò ó nílé níbí, kí ara rẹ balẹ̀ kí o tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bí o kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ béèrè yẹ́lò káàdì, lọ gbà á lọ́sẹ̀ yìí, torí ó di ọjọ́ kẹwàá kí ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́. Tí o bá ti rí ọjọ́ Akwasidae, pè mí lálẹ́, kí a jọ ka ọjọ́ náà kí o tó sanwó ọkọ̀.

Èmi ni,
Màmá rẹ.