Ọjọ́ Àyíká: Ẹ Múra Àwọn Ọmọ Sílẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù, Ọjọ́ Àyíká Àgbáyé, agogo mẹ́wàá àárọ̀, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa níbí ní Adó-Èkìtì yóò kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ iná lò. A ó tan gílóòbù àtijọ́ 60 watt sẹ́gbẹ̀ẹ́ LED 9 watt, gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ ti àtijọ́ á gbóná débi pé ọwọ́ ò ní gbà á. Kọ́mọ fojú ara rẹ̀ rí i dáa ju ká máa pariwo "paná" lọ.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣa ọ̀rá omi mẹ́wàá wá. Ọ̀rá yìí ló dí gọ́tà ẹ̀yìn kíláàsì. A ó gbin hóró ìbẹ́pẹ sínú wọn.

Ta ló ní gílóòbù àtijọ́ nílé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́