Ẹ Fi Ti Ọmọdé Kún Ètò Ìdíje Kẹ̀kẹ́ Àdúgbò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ èrò ọkàn mi lórí ọjọ́ ìdíje kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn ará àdúgbò máa ń ṣe, pàápàá jù lọ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí òbí wọn ń mú lọ wòran. Àwọn kan gbà pé ibi tí àgbàlagbà ti ń fi kẹ̀kẹ́ sá eré àsápajúdé kò yẹ ọmọdé rárá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Eré ìdárayá tí ó ń wáyé lójú títì gan-an, tí ọmọ lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ó máa gbọ́ bí eléré ṣe ń mí, kò pọ̀. Ohun tí mo ń bá àwọn olùṣètò fà ni pé wọ́n máa ń parí gbogbo ètò pátá kí wọ́n tó rántí pé ọmọdé yóò wá, wọn a sì wá di gbogbo ẹrù náà lé òbí lórí pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “Ẹ di ọmọ yín mú o!”

Ojú ọ̀nà tí wọ́n yàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ìdíje bá gba ọ̀nà jíjìn tí kò padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ lè dúró fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí agbo àwọn eléré kọjá fìrì, kí ó sì parí síbẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi bí ó bá bèèrè ohun tí a torí rẹ̀ jí òun ní kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kúkúrú, bíi kìlómítà kan tàbí méjì, tí àwọn eléré ń yí po léraléra, wọn yóò máa padà wá síwájú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra. Ní ìyípo àkọ́kọ́, àwọ̀ aṣọ nìkan ni yóò rí. Nígbà tí yóò bá fi di ìyípo kẹta tàbí ìkẹrin, yóò ti yan ẹni tirẹ̀, yóò sì fẹ́ mọ ìdí tí ẹni tí ó ń ṣíwájú tẹ́lẹ̀ fi bọ́ sẹ́yìn. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ, nítorí pé ó fún òbí láàyè láti ṣàlàyé ohun tí ojú kò rí: ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń fi àyà kojú afẹ́fẹ́, ẹni tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kò ná agbára tó o, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń gba iwájú lọ́wọ́ ara wọn, tí ẹlẹ́tàn inú wọn fi máa ń rọra dúró títí ìlà òpin yóò fi kù díẹ̀ kí ó tó yọ. Láti ìgbà tí èyí bá ti yé ọmọ, ẹ kò ní lè mú un kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ní ti ewu, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń kọjá nǹkan bíi mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ku mítà 50 kí ó dé ibi tí ọmọ kan já bọ́ sójú títì, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá 5 tí yóò fi dé ibẹ̀; ọmọ tí ó bá kọsẹ̀ kò ní ráyè dìde. Kẹ̀kẹ́ kì í sì í pariwo bíi mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kékeré kì í sábà lè fojú díwọ̀n bí ohun tí ó ń bọ̀ ṣe ń yá tó. Nítorí náà, irin ìdènà gbọdọ̀ wà ní gbogbo kọ́nà àti ní àyíká ìlà òpin, níbi tí eré ti máa ń le jù, kí wọ́n sì ya ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó mú ọmọ wá. Ibẹ̀ ni eré ti ń rọlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ojú àwọn eléré ti ń hàn dáadáa.

Kẹ̀kẹ́ nìkan kọ́ ni a ń bẹ̀rù. Ní ọdún 2002, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ìpolówó ọjà tí ó máa ń ṣíwájú àwọn eléré nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, kọ lu ọmọ ọdún 7 kan tí ó wá wòran, ọmọ náà sì kú. Ìdíje àdúgbò náà ní alùpùpù àti ọkọ̀ tí ó ń ṣíwájú àti èyí tí ó ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí agbo ńlá bá kọjá ni àwọn òbí máa ń jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ, nígbà tí àwọn tí ó rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ọkọ̀ tí ó ń tẹ̀ lé ẹni ìkẹyìn gbé àsíá tí ó hàn ketekete, kí wọ́n sì ti sọ fún gbogbo òǹwòran pé títì kò tíì ṣí àfi tí àsíá yẹn bá kọjá. (Àgbà pàápàá nílò ìkìlọ̀: òǹwòran kan tí ó na pátákó ìkíni sójú ọ̀nà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ Tour de France ọdún 2021 ni ó gbé ọ̀pọ̀ eléré ṣubú.)

Ìdíje àwọn ọmọdé fúnra wọn ni wọ́n sábà ń fi sí ìparí, nígbà tí oòrùn ti mú, tí ọmọ ti rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà sì ti ń ká irin ìdènà wọn. Kí wọ́n fi ṣáájú ti àgbà. Kí wọ́n pín wọn ní ìsọ̀rí ọjọ́ orí, kí àwọn tí kò tíì lè wa kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ aláìní-pẹ́dà, ní àyè tiwọn, kí ẹnì kan sì yẹ bíréèkì wò kí ọmọ kankan tó dé ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2003, lẹ́yìn tí eléré kẹ̀kẹ́ kan, Andrei Kivilev, ṣubú tí ó sì kú nínú ìdíje Paris–Nice ní ilẹ̀ Faransé, ni akoto ti di dandan fún àwọn tí wọ́n ń fi eré yìí jẹun, nítorí náà ọmọdé kò gbọdọ̀ sáré láìdé e, kí akoto náà sì jókòó dọ́gba sí iwájú orí, kí ó má ṣe yẹ̀ sẹ́yìn. Èmi ìbá sì fẹ́ kí wọ́n fi òfin de àwọn òbí tí ó máa ń sáré ti ọmọ lẹ́yìn kí ó lè gba ipò kìíní. Bí wọ́n bá fẹ́ wú àwọn ọmọ lórí, kí wọ́n sọ ìtàn Biniam Girmay, ọmọ ilẹ̀ Eritrea, fún wọn, ẹni tí ó gba aṣọ aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ó kó máàkì jù lọ, ní Tour de France ọdún 2024, tàbí kí wọ́n bẹ àwọn tí ó sáré lọ́jọ́ náà láti dúró díẹ̀ dáhùn ìbéèrè wọn.

Omi, ibòòji àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò nílò àlàyé. Èyí tí ó kù ni àkókò: kí àwọn olùṣètò kéde wákàtí tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yóò gbéra àti ìgbà tí títì yóò ṣí padà, ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹni tí ó ní ọmọ ọdún 3 lè wá wo wákàtí kan péré kí ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan tí ó fẹ́ràn eré kẹ̀kẹ́