Ó yẹ kí Nàìjíríà náwó sí ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn nílẹ̀ àwọn aládùúgbò wa

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n fèsì sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn láti ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, tí wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ USAID tó ń pín owó náà pa nígbà tó di oṣù keje. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé owó tó wà nílé kò tíì tó ilé ná, nítorí náà kò yẹ kí ìjọba wa ná kọ́bọ̀ lórí àìsàn tó ń ṣe ará Guinea tàbí ará Benin. Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹni tó gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn ìjọba, tí wọ́n ní kó lọ ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ wá láti ìta, kò ní fẹ́ gbọ́ pé owó kankan ń sọdá ẹnubodè. Síbẹ̀, èrò náà kò tọ̀nà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2014 ni mo sì fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún náà, Patrick Sawyer, tó ti kó àrùn Ẹ̀bólà, wọ bàálù wá láti Làìbéríà, ó sì ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lásìkò yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléńdé, níbi tí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní jáde lọ síbi ìpàdé tó torí rẹ̀ wá. Dókítà náà kó àrùn Ẹ̀bólà lára rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Gbogbo wa la mọ ìtàn akọni yìí. Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni a kì í sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní láti wá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn rí, èèyàn 894, kí wọ́n máa lọ bá wọn nílé lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, kí wọ́n wo bí ara wọn ṣe gbóná sí, kí wọ́n sì bi wọ́n bóyá orí ń fọ́ wọn tàbí èébì ń gbé wọn. Irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 18,500 ní Èkó àti Port Harcourt. Àsìkò náà gan-an sì ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń jà ràn-ìn lórí fóònù lóru pé kí kálukú fi omi oníyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀. Ẹ wo irú sùúrù tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní kí onílé tó ti fi iyọ̀ wẹ̀ lóru tó ṣílẹ̀kùn fún un láàárọ̀. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Guinea, Làìbéríà àti Sierra Leone, àwọn tó kú lé ní 11,000.

Níbo la ti rí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀? Inú iṣẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ibùdó pàjáwìrì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2012 láti fi lé rọpárọsẹ̀ lọ ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, Dókítà Faisal Shuaib tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá níbẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe olórí iṣẹ́ Ẹ̀bólà. Púpọ̀ nínú owó tó gbé ibùdó náà ró ti òkèèrè wá, kì í sì í ṣe pé àwọn tó san án ya aláàánú jù wá lọ. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan níhà àríwá dá abẹ́rẹ́ àjẹsára dúró lọ́dún 2003, kòkòrò àrùn tó ti Nàìjíríà jáde rìn títí ó fi dé Indonesia lọ́dún 2005. Wọ́n mọ̀ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó bá sì dúró de òru náà ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́yìn tí Ẹ̀bólà ti pa èèyàn ní ìlú Dallas ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí 5.4 bílíọ̀nù dọ́là ní oṣù Ọ̀pẹ 2014.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni àrùn ń ti òkèèrè wá bá. Ní Ọ̀wọ̀ níbí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé tí àwọn èèyàn ń sá láfún àti gàrí sẹ́bàá títì, tí eku ń tọ̀ sí i lóru, ara ilé ìwòsàn kì í balẹ̀ mọ́, nítorí ibà Lásà, tí eku ń tàn kálẹ̀, máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán. Lọ́dún 2018, àwọn tí Lásà mú láti Nàìjíríà sọdá sí Benin láti gba ìtọ́jú. Lójú nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n lọ́hùn-ún, àwa ni òkèèrè tí àrùn ti ń wá. Ará Ṣakí tó ní ẹbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ nílẹ̀ Benin kì í sì í gba ìwé ìrìnnà kó tó gun ọ̀kadà lọ síbi òkú.

Mo gbóríyìn fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera nínú ìṣúná 2025 nígbà tí ti Amẹ́ríkà dáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì dé ìdá 15 nínú 100 ìṣúná fún ìlera tí àwọn olórí Áfíríkà fẹnu kò sí ní Àbújá lọ́dún 2001. Ṣùgbọ́n ihò tó wà nílé ni owó yẹn wà fún. Ohun tí mo ń béèrè ni owó ọdọọdún tó ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìṣúná, tí wọn yóò máa fi kọ́ àwọn atọpinpin àrùn, tí wọn yóò sì máa fi pèsè yàrá àyẹ̀wò ní àwọn ìlú tó wà lẹ́bàá ẹnubodè, tiwa àti tiwọn. Kò pọn dandan kí a dá àjọ tuntun sílẹ̀, a ti ní èyí tó pọ̀ tó. Ibùdó ECOWAS tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn wà ní Àbújá. Ibùdó ACEGID, tó ń ṣèwádìí àbùdá kòkòrò àrùn, wà ní Ẹdẹ, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tú àkójọ àbùdá kòkòrò Kòrónà wò ní Áfíríkà lọ́dún 2020, tó sì jẹ́ pé owó Báńkì Àgbáyé wà lára ohun tó gbé e dúró. Nílẹ̀ Niger, tó ti bá Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS, yóò gba kí a bá wọn ṣe àdéhùn lọ́tọ̀, nítorí ẹnubodè wa pẹ̀lú wọn gùn gan-an.

Àwọn kan yóò ní wọn yóò kó owó náà jẹ. Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣàjèjì sí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àjọ NCDC, tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, máa tẹ iye tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ àti ohun tí wọ́n fi ṣe jáde nínú ìwé ìròyìn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé lọ́dọọdún. Àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Bàdágìrì, Ìpókíá, Ìmẹ̀kọ, Ṣakí àti Bàrùtẹ́n ni mo rò pé ó yẹ kó kọ́kọ́ gbé àbá náà síwájú ilé, nítorí àwọn ló ń ṣojú àwọn tó ń ná ọjà kan náà pẹ̀lú ará Benin.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ọ̀wọ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó