Wáyà tí wọn kò lò mọ́, kí ló ń ṣe lórí òpó?

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn èèyàn wa nílé máa ń fi àwa tá a wà ní California ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Wọ́n ń mú iná lọ lọ́dọ̀ ẹ̀yin náà?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Bí atẹ́gùn líle bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn máa pa iná, kí wáyà má baà já sórí koríko gbígbẹ kó dáná sungbó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló wà nínú òkùnkùn nítorí ẹ̀. Èmi kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Iná tó jó ìlú Paradise run ní ọjọ́ 8, oṣù kọkànlá, 2018 pa èèyàn 85, ìkọ́ irin kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọgọ́rùn-ún ọdún lórí òpó ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná PG&E ló jẹ tán tó fi já. Ẹni tó bá rántí Paradise á fara da òkùnkùn ọjọ́ méjì.

Àwọn wáyà tí wọ́n pa tì sókè ló ń bí mi nínú, torí pé pípa iná àdúgbò kò kàn wọ́n rárá.

Ẹ wo Sonoma, ní àríwá California. Lálẹ́ ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, 2019, PG&E ti pa iná àwọn aráàlú nítorí ìjì, àmọ́ wọ́n fi iná sílẹ̀ lára àwọn wáyà ńlá tó wà lórí òpó onírin. Orí ọ̀kan nínú àwọn òpó wọ̀nyẹn, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibi ẹ̀rọ amúnáwá kan tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ tipẹ́, ni wáyà ti já. Ilẹ̀ tó jóná lé ní 77,000 éékà, ilé àti àwọn ohun mìíràn tí wọ́n kọ́ tó bá a lọ jẹ́ 374. Àwọn aráàlú jókòó sókùnkùn lálẹ́ ọjọ́ náà, wáyà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni sì ń gbé iná kiri lókè. Lọ́dún 2021, àjọ CPUC tó ń ṣàmójútó àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní ìpínlẹ̀ yìí bá PG&E parí ọ̀rọ̀ náà sí mílíọ̀nù 125 dọ́là, wọ́n sì fi í sínú àdéhùn pé kí ilé-iṣẹ́ náà tú àwọn wáyà ìpatì rẹ̀ palẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n PG&E nìkan ni àdéhùn náà dè. Ẹ̀kọ́ Sonoma kò dé gúúsù.

Ní ọjọ́ 7, oṣù kìíní, 2025, iná sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Altadena, nítòsí Los Angeles. Èèyàn 19 kú, ilé tó lé ní 9,000 jóná. (Ọ̀pọ̀ àwọn adúláwọ̀ tí wọn kò gbà kí wọ́n ra ilé níbòmíràn láyé ìjọ́sí ló kọ́lé síbẹ̀, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn sì jogún rẹ̀.) Ilé-iṣẹ́ iná Southern California Edison ni ó ni àwọn wáyà tó wà níbi tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà lára wọn tí kò gbé iná láti 1971, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí agbára iná bá pọ̀ lára wáyà kan, iná lè ràn mọ́ èyí tó wà nítòsí láìjẹ́ pé wọ́n fara kanra. Edison fúnra rẹ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì ti pè wọ́n lẹ́jọ́.

Láti 1971! Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń gbé ọmọ-ọmọ jó.

Òfin wà o. Ìlànà CPUC sọ pé wáyà tí wọ́n bá ti pa tì pátápátá, kí wọ́n tú u kúrò kó má baà di ewu. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ pé wáyà ti di ìpatì? Ẹni tó ni ín ni. Tó bá ti ní òun ṣì lè lò ó lọ́jọ́ iwájú, ó tán. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ló tún jókòó sórí àga adájọ́.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: mọ́tò oníná ń pọ̀ sí i, ìlú ń fẹ̀, wáyà tí kò wúlò lónìí lè wúlò lọ́la. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n wá sọ ọ́ níwájú CPUC ní gbangba. Tí wáyà bá ti lo ọdún márùn-ún láìgbé iná, kí onílé-iṣẹ́ wá fi ètò àti déètì hàn, tàbí kó tú u. Èyí tí wọ́n bá sì fún láàyè láti dúró, kí wọ́n so ó mọ́ ilẹ̀ dáadáa kí iná tó bá ràn mọ́ ọn lè wọ ilẹ̀ lọ, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò bí èyí tó niná.

Ti owó ńkọ́? Àwa náà la ṣáà ń san án. Òfin AB 1054 ti 2019 dá àpò bílíọ̀nù 21 dọ́là sílẹ̀ láti san fún ohun tí iná igbó tí wáyà ilé-iṣẹ́ iná dá sílẹ̀ bá bà jẹ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì ń ti orí bíìlì wa jáde. Òfin kan náà ní, tí ilé-iṣẹ́ bá ti gba ìwé ẹ̀rí ààbò, kí wọ́n kà á sí pé ó ṣe ojúṣe rẹ̀ nígbà tí iná bá sọ, àfi tí ẹlòmíràn bá mú iyèméjì tó lágbára wá. Kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ tí kò tíì ka gbogbo wáyà ìpatì rẹ̀ síta rí ìwé náà gbà.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Los Angeles, Oakland àti Sacramento, CPUC ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aráàlú, ẹ kò níláti jẹ́ lọ́yà. Ẹ bi wọ́n pé wáyà mélòó ló wà lókè àdúgbò yín tí kò gbé iná. Mo ti fi tèmi ránṣẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Sacramento, California