Níbo Ni Wọ́n Ti Fún Wàrà Inú Agolo Wa?

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé títẹ̀, ẹ sì kú àfaradà ọ̀wọ́n bébà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n béèrè ohun kan tí mo ti ń bi ara mi láti ìgbà tí mo ti ti Amẹ́ríkà dé: màlúù orílẹ̀-èdè wo ni ó ni wàrà tó wà nínú mílíìkì tí à ń dà sínú tíì àti ògì wa láràárọ̀? Mo ti yẹ agolo márùn-ún wò ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Bódìjà, mo wo òkè, mo wo ìdí, n kò rí ìdáhùn. Orúkọ àti àdírẹ́sì iléeṣẹ́ tó ṣe é ní Nàìjíríà wà níbẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti pò ó ni wọ́n sọ fún wa, wọn kò sọ ibi tí wọ́n ti fún un.

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ló là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo lọ bá a wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kan tí a jọ lọ ra oúnjẹ, mo rí i tó gbé gálọ́ọ̀nù mílíìkì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan jẹ́ ti iléeṣẹ́ olórúkọ ńlá, èkejì jẹ́ èyí tí súpámákẹ́ẹ̀tì náà fi orúkọ ara rẹ̀ pè, owó èkíní sì fi ohun tó lé ní dọ́là kan ju ti èkejì lọ. Ó ní kí n ka nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí mílíìkì náà yóò bàjẹ́. 42 ló bẹ̀rẹ̀ lára méjèèjì, nọ́ńbà tó sì tẹ̀lé e kò yàtọ̀ síra. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, pé 24 ni Maryland, 51 ni Virginia, 42 ni Pennsylvania, 55 ni Wisconsin, 06 sì ni California, àti pé èyí tó tẹ̀lé nọ́ńbà ìpínlẹ̀ jẹ́ ti iléeṣẹ́ tí wọ́n ti sè é, tí wọ́n sì ti rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù. Àkójọ orúkọ àwọn iléeṣẹ́ yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Kí n tó ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wa kúrò níbẹ̀, ó ti rí orúkọ iléeṣẹ́ náà àti ìlú tó wà lórí fóònù rẹ̀. Èyí tó dínwó ló gbé, ó ní òun kì í sanwó orúkọ.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé nọ́ńbà yẹn sọ gbogbo rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó rọ mílíìkì ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe pápá tí màlúù ti jẹ koríko, nítorí ọkọ̀ tó ń kó wàrà a máa gbà á lọ́wọ́ olóko bíi mélòó kan, iléeṣẹ́ a sì tún da ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó sè é. Bákan náà, pé inú ilé kan ni gálọ́ọ̀nù méjì ti jáde kò ní kí ohun tó wà nínú wọn má lè yàtọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó mọ ilé tí nǹkan ti jáde mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn lọ́jọ́ tí nǹkan náà bá yíwọ́.

Nǹkan a sì máa yíwọ́. Ní 2008 ní Ṣáínà, àwọn kan bu omi lu wàrà, wọ́n wá da kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní melamine sí i, kí àyẹ̀wò má bàa fi hàn pé purotéènì inú rẹ̀ ti dínkù. Ọmọ ọwọ́ mẹ́fà ló kú, àwọn tó ṣàìsàn sì tó nǹkan bí 300,000, òkúta inú kíndìnrín ló ń bá wọn jà. Ìjọba orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí wá mílíìkì Ṣáínà kiri orí àtẹ, títí kan inú bisikíìtì àti ṣokoléètì. Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2022, nígbà tí iléeṣẹ́ Abbott ní kí àwọn ènìyàn dá mílíìkì ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣe ní Sturgis, ní ìpínlẹ̀ Michigan, padà. Wọn kò ní kí òbí da gbogbo agolo inú ilé nù. Wọ́n ní kí wọ́n wo ìdí agolo, bí nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ bá bọ́ sáàárín 22 sí 37, tí K8, SH tàbí Z2 bá wà níbẹ̀, tí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sì jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2022 tàbí ọjọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n má fún ọmọ mu. Bí irú rẹ̀ bá wá ṣẹlẹ̀ lọ́la ní ilẹ̀ tí ìyẹ̀fun mílíìkì wa ti ń wá, kí ni ìyá ọmọ kan ní Ṣáṣá yóò wò lára sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Nítorí òkè òkun ni ìyẹ̀fun èyí tó pọ̀ jù nínú mílíìkì wa ti ń wá. Inú àpò ńláńlá ló máa ń wà gba èbúté wọlé, iléeṣẹ́ ibí yóò wá pò ó mọ́ omi sínú agolo, tàbí kí wọ́n kàn wọ̀n ọ́n sínú sáṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà ká Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lára débi pé ní oṣù kejì 2020, wọ́n dín àwọn tó lè rí owó ilẹ̀ òkèèrè gbà láti fi kó mílíìkì wọlé kù sí iléeṣẹ́ mẹ́fà, pé àwọn wọ̀nyẹn ti ń gbìyànjú láti gba wàrà nílé. Òótọ́ sì ni pé FrieslandCampina WAMCO, àwọn tó ń ṣe Peak, ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní agbègbè Ìṣẹ́yìn fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n agolo wo ni wàrà Ìṣẹ́yìn wà? Èmi tí mo ṣe tán láti san náírà díẹ̀ lé e nítorí rẹ̀ kò mọ èyí tí n ó mú.

Ohun mìíràn tún wà. Mo ka ohun tí wọ́n fi ṣe mílíìkì tó wà nílé mi, mo rí i pé ìyẹ̀fun wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò ni, ọ̀rá ewéko ni wọ́n sì fi rọ́pò ọ̀rá màlúù. Epo ọ̀pẹ ni ọ̀rá yẹn sábà máa ń jẹ́ nínú irú mílíìkì tí Yúróòpù ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pẹ tó jẹ́ pé ilẹ̀ wa níhìn-ín ni orírun rẹ̀, tí wọ́n gbé lọ gbìn sí Malaysia àti Indonesia, ni epo rẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ òyìnbó kọjá kí ó tó fi ẹ̀wù wàrà bora padà wálé.

Àwọn kan yóò ní kí n wo bákóòdù, nítorí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp pé bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 690, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, bí ó bá sì jẹ́ 615, Nàìjíríà ni. Wọn kò purọ́ tán, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í. Ibi tí oníṣòwò ti gba nọ́ńbà náà ni bákóòdù ń sọ. Iléeṣẹ́ tó gba nọ́ńbà tirẹ̀ ní Nàìjíríà lè di ìyẹ̀fun Ireland tàbí ti New Zealand sínú sáṣẹ́ẹ̀tì, 615 náà ni yóò sì jẹ́. Irú rẹ̀ ni búrẹ́dì Agége, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti ìlú tí àlìkámà kò ti hù rí.

Ìyá Fúlàní tó ń kiri wàrà dé àdúgbò wa kò ní nọ́ńbà kankan lára igbá rẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó dárúkọ gáà tí wọ́n ń gbé, ó sọ ẹni tó ni màlúù, ó sì ní ewé bọ̀mùbọ̀mù ni òun fi mú un dì ní ìdájí ọjọ́ náà. N kò tìtorí èyí sọ pé kí a pa mílíìkì agolo tì, nítorí wàrà tí iná kò dé dáadáa lè gbé ikọ́ ife láti ara màlúù wọ ara ènìyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tún tèmi sè kí n tó dín in. Ohun tó kàn dùn mí ni pé oníwàrà orí igbá lè dáhùn ìbéèrè tí iléeṣẹ́ alágolo kò dáhùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí NAFDAC àti àwọn tó ń dáàbò bo oníbàárà kò ju ìlà kan lọ lára agolo àti sáṣẹ́ẹ̀tì: orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti fún wàrà náà. Mo mọ̀ pé àwọn iléeṣẹ́ yóò ní ibi tí àwọn ti ń rà á a máa yí padà, àti pé àwọn kò lè máa tún bébà ara agolo tẹ̀ lóṣooṣù. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fín ọjọ́ àti nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà sí ìdí agolo lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é lè fín lẹ́tà méjì kún un. Lẹ́tà méjì bẹ́ẹ̀ ni Yúróòpù ń lò nínú àmì tó rí bí ẹyin tó ń wà lára mílíìkì wọn, NL fún Netherlands, IE fún Ireland, pẹ̀lú nọ́ńbà iléeṣẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ra ìyẹ̀fun náà mọ ibi tó ti rà á, ìwé ẹrù rẹ̀ ní èbúté sì sọ ọ́.

Kí n tó kọ lẹ́tà yìí, mo pe nọ́ńbà tó wà lára agolo kan. Ọmọdébìnrin tó gbé e fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn, ó ní, “Mọ́mì, Nàìjíríà ni a ti ń ṣe é o.” Mo ní, “Ọmọ mi, mo mọ̀. Màlúù rẹ̀ ni mò ń béèrè.” Ó ní kí n jọ̀wọ́ dúró ná. Orin ni wọ́n fi sí mi létí títí káàdì mi fi tán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Bódìjà, Ìbàdàn.